Ọjọ́ Tí Mo Fa Ọmọ Làmídì Lé Àwọn Síkáòtù Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará ilé mi, láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń bi mí. Ẹnikẹ́ni ò béèrè bí ọ̀nà ti rí, ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tí mo jẹ. Ẹ kàn ń yọjú wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé mo fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀, ẹ ní, "Ọmọ dà?" Mo ti dá àwọn kan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, mo ti dá àwọn kan lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi í tún sọ. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́bi, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Ẹ kúkú rántí iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Àbúrò mi Làmídì kú sí Pọtakọ́ọ̀tù, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà bí ẹ̀sìn wa ti wí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó débẹ̀. A ò rí ojú rẹ̀ mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Ràfíátù, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Okrika. Ẹ pe ìpàdé ní pálọ̀ Bọ̀ọ̀dá àgbà, ẹ ní ọmọ wa kò gbọdọ̀ sọnù sí ilẹ̀ àjèjì. Ẹ ní kí n lọ mú un wá, kí n sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó fẹ́ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa ni, tó bá sì ti dé tán, a ò ní dá a padà mọ́. Èmi náà wà ní ìpàdé yẹn, mo sì fọwọ́ sí i.

Mile 3

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dá yín lágara. Ẹni tó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ mọ bí orúnkún àgbà ti ń rí lẹ́yìn rẹ̀.

Mile 3 ni mo sọ̀ sí. Ọjà ńlá ni, ó ti ya wọ ojú títì débi pé èèyàn ò mọ ibi tí ọjà parí sí tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jà, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mi ò tíì la ẹnu tí alábàárù kan fi pè mí ní "Mama Ngbati". Orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ ni, nítorí "nígbà tí" tí kì í wọ́n lẹ́nu wa. Mi ò mọ ohun tó fi dá mi mọ̀, bóyá gèlè mi ni, bóyá bí mo ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò kí n tó gbé ẹsẹ̀ ni. Mo fẹ́ bínú. Àmọ́ ọkùnrin yìí náà ló gbé báàgì mi rù, ló ń lé èèyàn kúrò lọ́nà fún mi títí tó fi mú mi dé ìsọ̀ Làmídì, ó sì kọ̀ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n olóògbé ni mí.

Aṣọ òkìrìkà ni Làmídì ń tà nígbà ayé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ibiso, ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ obìnrin yìí nílé, mo ti rò pé màá bá ẹni tó kun àtíkè, tó ti ń wá ọkọ mìíràn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo bá, tó so ìborùn dúdú mọ́rí, tó ń tú bẹ́ẹ̀lì aṣọ. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú ẹrẹ̀ ọjà.

"Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí mi," ó ní. "Ẹ kú wàhálà ọ̀nà."

Ohùn rẹ̀ dá mi dúró. Lẹ́nu Làmídì ló ti kọ́ Yorùbá, bí Làmídì ti máa ń fa ọ̀rọ̀ ni òun náà ń fà á, àfi bí ẹni pé àbúrò mi fara pamọ́ sẹ́yìn òkìtì aṣọ náà ló ń kí mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé eruku aṣọ ni.

Nílé rẹ̀, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi. Onunu ni wọ́n ń pè é: iṣu tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, tí wọ́n wá fi epo pupa pò. Iyán tó pupa, tó sì ń dùn bíi dòdò, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wò ó títí. Òkèlè àkọ́kọ́, ìtìjú ni mo fi mú un. Ìyókù, mi ò mọ ẹni tó bá mi jẹ ẹ́. Ìṣáwùrú inú ọbẹ̀ ló fi mí ṣẹlẹ́yà. Tòun ti ìkarahun ni wọ́n fi sè é, ó sì yẹ kéèyàn fi ẹnu fà á jáde. Mo fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde. Ràfíátù jókòó síwájú mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ. Iwájú orí Làmídì ló wà lórí rẹ̀ gẹ́lẹ́, mi ò lè wò ó pẹ́. Gbogbo Yorùbá tí mo bá sọ ló ń gbọ́, Pìjíǹ ló fi ń dá mi lóhùn. Bìgì Mọ́mì ló ń pè mí. Mo fún un ní dáńkúwà tí mo dì bọ̀ láti ilé, ó dúpẹ́, ó ní òun á jẹ ẹ́ tó bá yá. Nígbà tí mo pe oríkì rẹ̀, tí mo ní, "Àṣàbí," ó kó àwo, ó wọlé lọ. Ibiso ní bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ara ògiri ni mo ti rí aṣọ síkáòtù tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n fi kọ́, àti ìborùn ọrùn rẹ̀. Ẹ rántí pé Làmídì ṣe síkáòtù nígbà tó wà nílé-ìwé níbí, tó máa ń fi fèrè da oorun wa láàmú. Òun ló fi ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ńlá tí wọ́n máa ń pa lásìkò ọlidé, òun fúnra òun ni òun yóò fà á lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ pé mo wá mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọlidé, Ibiso ní kò burú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ àgọ́, kí ìlérí bàbá rẹ̀ má baà ṣubú. Ó wá bẹ̀ mí pé kí èmi tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Làmídì dúró ní ipò rẹ̀. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo gbà.

Ẹ̀yìn okùn

Okrika ni àgọ́ náà wà, nínú ọgbà ilé-ìwé kan létí omi. Nílé níbí, tí a bá ti dárúkọ ìlú yẹn, aṣọ ni a máa ń rò, mo sì ti ń retí òkìtì aṣọ. Omi ni mo rí. Omi lápá ọ̀tún, omi lápá òsì, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró síta bí ẹsẹ̀ akàn, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìnkùlé bí a ti ń so ewúrẹ́. Nígbà tí a ń kọjá lórí afárá, mo di ìjókòó mú gírígírí. Ibiso na ọwọ́ sí àwọn ilé kan níwájú, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ tí ọmọ ń wọ àgọ́ ti rí, torí àwọn kan nínú yín ní ọmọ tó ń ṣe síkáòtù. Ẹ má rò pé ẹ óò kàn já ọmọ sílẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Wọ́n ta okùn kan gba iwájú ọgbà. Ẹnì kan péré ló lè bá ọmọ kọjá okùn yẹn. Àwọn tó kù á dúró lẹ́yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ bàbá, ì báà jẹ́ ìyá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú àpò ọmọ, wọ́n á yọ gbogbo oúnjẹ tó wà níbẹ̀, wọ́n á dà á pọ̀ sínú abọ́ ńlá kan, nítorí ohun tí ẹnì kan bá jẹ ní àgọ́ ni gbogbo wọn á jọ jẹ. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń wo bisikíìtì rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀gá àgọ́ náà jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan láti Rumuokwurushi, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí kó tó fẹ̀yìn tì. Sikípà ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó rìn wá bá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ òsì sí mi. Ọwọ́ òsì, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi tí mo ti bímọ tí mo ti tọ́mọ. Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo wo Ibiso, mo bi í bóyá wọn kò kọ́ obìnrin yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni.

Ìtìjú mú Ibiso. Ó ṣàlàyé fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn síkáòtù ti ń kí ara wọn káàkiri ayé. Ó ní wọ́n sọ pé ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń di asà mú, ẹni tó bá sì na ọwọ́ yẹn sí ọ ti gbé asà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá na òsì sí àgbà ń wá ìjà. Sikípà kò bínú. Ó ní kí n má bínú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rọ́pò rẹ̀, ó sì tẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń kí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ó wá béèrè ẹni tó fẹ́ fa ọmọ lé àwọn lọ́wọ́. Ibiso fà sẹ́yìn, ó ní, "Na my husband senior sister." Sikípà yíjú sí mi.

"Mama, hear me well," ó ní. "The hand wey bring pikin come, na the same hand go carry am go. On the last day, if another person come, even if na the mama wey born am, I no go release am."

Ó ní ọmọ kì í ṣe ẹrù tí ẹni tó bá ṣáà dé lè wá gbà. Mo gbọ́ ọ yé, mi ò ní purọ́ fún yín, ọkàn mi fò sókè. Mo rò ó pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú àgọ́, èmi nìkan ni wọ́n á gbé ọmọ fún, ìyá rẹ̀ kò ní lè fọwọ́ kàn án kí n tó gbà á, láti ibẹ̀ sì ni mo lè mú un gba gáréèjì lọ. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ti parí lójú mi. Mo di ọwọ́ ọmọ mú, a kọjá okùn.

Ìbéèrè

Lábẹ́ igi máńgòrò kan ni ọkùnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgọ́ jókòó sí. Ẹni tó mú ọmọ wá ló gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ibiso dúró lẹ́yìn okùn, kò jìnnà sí wa.

Ó béèrè orúkọ. Mo ní Ràfíátù. Àwọn ọmọ tó wà nítòsí wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ní, "Na Belema be this." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ìyá rẹ̀ tún sọ ọ́ lórúkọ, àti pé orúkọ yẹn ni ìlú mọ̀.

Ó béèrè bóyá ó lè lúwẹ̀ẹ́. Mo ní rárá o, kò sẹ́ni tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìdílé wa. Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

Ó béèrè oúnjẹ tí kì í bá a lára mu. Mo ní kò sí, ó ń jẹ ohun gbogbo. Mo gbọ́ ohùn Ibiso lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́.

"Ẹ̀pà, Àǹtí. Tó bá jẹ ẹ́, ọ̀fun rẹ̀ á wú, kò ní lè mí dáadáa."

Àgbàdo àti ẹ̀pà ni wọ́n fi ń ṣe dáńkúwà tí mo gbé wá fún un, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti rí i ni mò ń bi í bóyá ó ti jẹ ẹ́. Inú àpò rẹ̀ ni wọ́n ti bá a nígbà tí wọ́n tú u, nínú ọ̀rá tí mo dì í sí, kò tíì tú ìdì rẹ̀. Ọmọ náà kò fẹ́ kójú tì mí. Nọ́ọ̀sì gbé e lọ sí ọ̀tọ̀, kò jẹ́ kó kan oúnjẹ àwọn yòókù.

Láti orí ìyẹn lọ, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ara mi mọ́. Tó bá ti béèrè ọ̀rọ̀, màá yíjú wo ẹ̀yìn, Ibiso á sọ ọ́ fún mi, èmi náà á sì tún un sọ bí ọmọ kéú ti ń tẹ̀lé aláàfáà. Àìsàn wo ló ti ṣe é rí? Mo wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ wo ló máa ń fi sùn, ṣé ó máa ń dìde rìn lójú oorun? Mo wo ẹ̀yìn. Kí ni wọ́n ń ṣe fún un tí inú bá ń run ún? Mo wo ẹ̀yìn. Ibiso kò fìgbà kan kọjá okùn, kò sì fìgbà kan gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ń fi ìdáhùn lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bu omi fún àlejò.

Nọ́ọ̀sì wá béèrè èyí tó kẹ́yìn. "Wetin dey fear am?"

Mo wo ẹ̀yìn. Ibiso tẹ̀ síwájú títí okùn fi kan àyà rẹ̀. Yorùbá ló fi sọ ọ́, kí àwọn ọmọ yòókù má baà gbọ́.

"Ẹ sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má sọ 'mò ń bọ̀' fún un. Ohun tí bàbá ẹ̀ sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ní, 'Àṣàbí, mò ń bọ̀.' Látìgbà yẹn, tí èèyàn bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un tó sì jáde, kì í sùn títí onítọ̀hún á fi padà."

Ẹ wo bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lójúmọ́ kan, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wa ń sọ ọ́? A ó dìde nílẹ̀, a ó máa lọ, a ó ní à ń bọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ọmọ náà lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ tí mo ti dé, nígbà tí mo bá ń lọ yàrá, nígbà tí mo bá ń lọ ra nǹkan. Mo wá rántí pé tí mo bá padà, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń bá a tó dúró sí. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwọ̀nba Pìjíǹ tí mo ní, mi ò sì gbójú sókè. Ràfíátù ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí ẹni tó mú ọmọ wá fi ọwọ́ ọmọ sí ọwọ́ ọ̀gá àgọ́, kó dárúkọ ọmọ, kó sì dárúkọ ara rẹ̀ sókè. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ Sikípà. Mo ní Ràfíátù Belema ni, mo ní èmi Sílífátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni mo mú un wá.

Etí omi

Mo rò pé ó ti parí, àṣé omi ló kù. Ọmọ tó bá wọ àgọ́ yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú omi, kí wọ́n lè mọ ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ àti ẹni tí kò lè ṣe é. Wọ́n ti ta igi yí apá kan ká létí odò, àwọn àgbà síkáòtù dúró sínú rẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣe é, wọ́n á so aṣọ aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, aṣọ pupa, kò sì ní sún mọ́ omi mọ́.

Ràfíátù bọ́ bàtà, ó rìn wọ inú omi títí ó fi dé àyà rẹ̀. Ó bẹ́ wọlé, omi sì pàdé mọ́ ọn lórí. Mo dúró. Omi náà ń lọ bó ṣe ń lọ, dúdú, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe. Nígbà tí mo sì kígbe, orúkọ ọmọ kọ́ ni mo pè, Làmídì ni mo pè.

Ìgbà náà ni orí rẹ̀ yọ lọ́nà jíjìn, ó ti kọjá àwọn tó kù, ó ń fi ọwọ́ la omi bí ẹni tó ń ká aṣọ lórí tábìlì. Àwọn ọmọ ń pariwo Belema, Belema. Ó yíjú padà wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun, mi ò sì tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn. Inú mi sì bàjẹ́, nítorí mo ti ń wo kànga ẹ̀yìnkùlé wa lọ́kàn mi, mo ń wá ibi tí ọmọ yìí yóò ti rí omi lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tó tó àkókò kí àwọn àlejò máa lọ, gbogbo òbí ló ń juwọ́ sí ọmọ wọn, tí wọ́n ń ní, "I dey come o." Èmi pè é sọ́tọ̀.

"Àṣàbí," mo ní, "mò ń lọ sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú àgọ́, kí oòrùn tó mú, èmi ni wàá rí nídìí okùn yẹn."

Ó wò mí pẹ́. Kò sá fún orúkọ náà lọ́tẹ̀ yìí. Ó na ọwọ́ sí mi bí àwọn síkáòtù ti ń ṣe, ọwọ́ òsì. Mo fi òsì mi gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi nílé nítorí ìyẹn, kó bínú.

Bọ́ọ̀lì àti ẹja

Kí a tó kúrò ní Okrika, Ibiso ra bọ́ọ̀lì àti ẹja sísun, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì etí omi. Wọn kì í fi ẹ̀pà jẹ bọ́ọ̀lì níbẹ̀ bíi tiwa. Ẹja ni, pẹ̀lú ata tí wọ́n fi epo pò. Ó dùn. Mo ń jẹ ẹ́, ó sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

"Àǹtí, mo mọ ohun tí wọ́n rán yín."

Mo tẹjú mọ́ egungun ẹja tí mò ń yọ.

"Làmídì ti sọ fún mi kó tó kú. Ó ní, àwọn ará ilé mi á wá mú ọmọ. Ó ní kí n má bá yín jà, pé ẹ ò ní ìkà nínú, ó kàn jẹ́ pé ẹ ò ní rí nǹkan míì mú nínú òun ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìwé. "I no go fight you. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ̀yin fà á kalẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú àgọ́, ọwọ́ yín ló máa wà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tó máa mú un lọ mọ ẹni tó ń mú lọ."

Mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá, àwọn obìnrin inú rẹ̀ kí i ní èdè wọn, ó dá wọn lóhùn, ó sì dìde láti lọ wá ọkọ̀ fún wa.

Mo dúró ní Pọtakọ́ọ̀tù títí àgọ́ fi fẹ́ tú. Mo ń bá Ibiso tà ní ìsọ̀, mo ń rán èyí tó bá ya nínú aṣọ náà kó lè tà dáadáa. Àwọn ará Ìlọrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kí mi ní àṣẹ̀yìndè lójoojúmọ́ bí ẹni pé àná ni ó kú. Wọ́n mú mi lọ síbi sàréè rẹ̀. Koríko ibẹ̀ mọ́. Mo bi wọ́n pé ta ló ń ro ó, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí ni, gbogbo Jímọ̀ ló máa ń wá.

Ọjọ́ tí wọ́n tú àgọ́

Kí oòrùn tó mú, mo ti wà nídìí okùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ibiso wà lójú títì lókèèrè, ó gbé àpótí kan dání. Mo mọ àpótí náà. Gbogbo aṣọ Ràfíátù ló kó sínú rẹ̀, títí kan ti òtútù, ó ti dì í fún Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sunkún. Ó kàn dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Sikípà kì í wo ojú nìkan yọ̀ǹda ọmọ. Ó máa ń tún ìbéèrè kan bi ẹni tó mú ọmọ wá nínú àwọn ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó wò mí, ó béèrè ohun tó ń ba ọmọ mi lẹ́rù.

Mo dá a lóhùn. Mi ò wo ẹ̀yìn.

Ó fi ọwọ́ Ràfíátù sí ọwọ́ mi. Ọmọ náà ti dúdú sí i, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lọ́rùn, ó ní, "Bìgì Mọ́mì, you come true true." A rìn kúrò nídìí okùn, a gba ojú títì lọ. Bí mo ti di ọwọ́ yẹn mú, gbogbo yín ni mò ń rò. Mò ń ro Bọ̀ọ̀dá àgbà, mò ń ro yàrá tí ẹ ti gbá, tí ẹ ti tẹ́ ẹní sí. Ọwọ́ náà gbóná, ìka rẹ̀ gùn bíi ti Làmídì. Gáréèjì kò jìnnà.

Mo mú un dé iwájú ìyá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ẹ̀kọ́ wọn, ọ̀tún ni tiwa, mo fi ọwọ́ méjèèjì mú ọwọ́ ọmọ, mo fi sí ọwọ́ Ibiso. Mo sọ ọ́ sókè bí wọ́n ti ń sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ràfíátù Belema Àṣàbí, ọmọ Làmídì. Èmi Sílífátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni mo fà á lé ọ lọ́wọ́." Ibiso jókòó sórí àpótí, ó fi ìborùn bo ojú, ìgbà yẹn ló wá sunkún.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì, Ràfíátù bi mí bóyá mò ń lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àṣàbí, mò ń lọ. Ó mi orí pé òun gbọ́. Mo gbọ́ pé ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ò sọnù. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nítòsí bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú yín, ọ̀nà là. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má gbé ohun tó ní ẹ̀pà dání. Ẹ jẹ onunu. Ẹ jẹ́ kó mú yín lọ sétí omi, kí ẹ wò ó bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá sì ń kúrò níbẹ̀, ẹ má sọ fún un pé ẹ̀ ń bọ̀, àfi tí ẹ bá ń bọ̀ lóòótọ́.